Fífọ̀ àti àtúnlò ṣíìpù gíláàsì tí ọ̀nà-omi inú rẹ̀ tín-ín-rín: kí ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wọlé?

Aṣèwádìí_Ẹ̀jẹ̀ kọ pé:

Mo kí gbogbo ilé o, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ń dà wá láàmú ní yàrá ìwádìí wa, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí bá wa dá sí i. Àwọn ṣíìpù gíláàsì tí a fi ń darí omi díẹ̀díẹ̀ gba ihò tín-ín-rín ni a ń lò. Gíláàsì borosilicate méjì ni wọ́n fi ooru so pọ̀ láìsí gọ́ọ̀mù kankan láàárín wọn. Ọ̀nà-omi inú rẹ̀ fẹ̀ tó máíkírómítà 100, ó jìn tó máíkírómítà 50, ó sì gùn tó mílímítà 20. Plasma ẹ̀jẹ̀ ènìyàn (apá ẹ̀jẹ̀ tó jẹ́ omi) tí a pò mọ́ bíìdì polystyrene wẹ́wẹ́ (hóró ike kéékèèké) ni a ń gbà kọjá nínú rẹ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́, ohun funfun kan máa ń lẹ̀ mọ́ ẹnu ibi tí omi ń gbà wọlé, tí a bá sì tún gbé ṣíìpù náà sórí pọ́ǹpù, omi kì í fẹ́ kọjá dáadáa mọ́.

Àwọn kan láàárín wa gbà pé ethanol ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ tì wọlé nítorí pé ó ń pa kòkòrò. Àwọn mìíràn ní omi ni. Ṣíìpù wọ̀nyí wọ́n púpọ̀, wọn kì í sì í tètè dé nígbà tí a bá béèrè fún wọn, nítorí náà kò rọrùn fún wa láti máa sọ wọ́n nù lẹ́yìn ìlò ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ó yẹ kí ó ṣáájú, kí ni ó yẹ kí ó tẹ̀lé e, báwo sì ni a ṣe lè mọ̀ dájú pé ṣíìpù náà ti mọ́ tó èyí tí a lè tún lò?

Ọ̀nà_Tóóró kọ pé:

Ẹ káàbọ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ethanol ṣáájú rárá. Prótéènì inú plasma a máa dì nígbà tí ethanol bá kàn án, gẹ́gẹ́ bí funfun ẹyin ṣe ń dì nígbà tí iná bá kàn án, èyí tó bá sì ti dì bẹ́ẹ̀ kì í gbọ́ ti omi mọ́. Ohun funfun tí ẹ ń rí lẹ́nu ọ̀nà yẹn, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ prótéènì tó ti dì, tó sì ti kó àwọn bíìdì mọ́ra. Iyọ̀ phosphate inú bọ́fà, ìyẹn omi oníyọ̀ tí pH rẹ̀ kì í tètè yí padà, kì í bá ethanol gbé. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé nínú ihò tóóró, iyọ̀ á yọ jáde bíi kírísítà wẹ́wẹ́, ìdọ̀tí kejì á sì tún gun orí ti àkọ́kọ́.

Bọ́fà tí kò ní prótéènì nínú ni kí ẹ fi lé plasma jáde, kí ẹ sì ṣe é ní kété tí iṣẹ́ bá parí, kí ohunkóhun tó gbẹ. Mo mọ̀ọ́mọ̀ pe bọ́fà, n kò pe omi lásán, nítorí pé àwọn prótéènì kan tí à ń pè ní globulin wà nínú plasma tí wọ́n máa ń dì tí iyọ̀ àyíká wọn bá ṣàdédé dín kù. Lẹ́yìn tí bọ́fà bá ti lé èyí tó pọ̀ jù jáde ni omi mímọ́ tí a ti yọ iyọ̀ rẹ̀ kúrò lè wọlé, lẹ́yìn náà ni ọṣẹ láàbù.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀, nítorí pé òun ni yóò sọ ibi tí ìdọ̀tí yín ń fara pamọ́ sí. Ọ̀nà-omi tí ẹ júwe yẹn kò lè gbà ju máíkírólítà 0.1 lọ. Bí túúbù tí ẹ fi so ó mọ́ pọ́ǹpù bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30, tí inú rẹ̀ sì fẹ̀ tó ìdajì mílímítà, omi inú túúbù náà nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó máíkírólítà 59, èyí tó súnmọ́ ìlọ́po 600 ohun tí ṣíìpù fúnra rẹ̀ ń gbà. Ẹni tó bá ti máíkírólítà 50 kọjá lórí pọ́ǹpù, tó sì rò pé òun ti fọ ṣíìpù òun ní ìgbà 500, plasma tó kù nínú túúbù ni ó ṣì ń tì kọjá. Ẹ pààrọ̀ túúbù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ fífọ̀ rárá. Túúbù kò wọ́n. Ṣíìpù ni ó wọ́n.

Ohun kejì ni pé omi kì í rú nínú ọ̀nà tó tóóró báyìí. Ńṣe ni ó ń lọ ní ìpele-ìpele, tí èyí tó wà láàárín ń sáré, tí èyí tó fara kan ògiri sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má mira. Fún ìdí èyí, títi omi pẹ̀lú agbára kì í fi bẹ́ẹ̀ ha ògiri bí a ṣe rò. Àkókò ni ó ń ṣiṣẹ́. Albumin, ọ̀kan nínú àwọn prótéènì plasma, nílò nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 20 péré láti rìn fúnra rẹ̀ kọjá máíkírómítà 50 nínú omi tó dúró. Ṣùgbọ́n bí ó bá wọ kọ̀rọ̀ kan tó jìn tó mílímítà 2 níbi tí túúbù ti bá ṣíìpù pàdé, ó lè gbà á ní wákàtí 9 kí ó tó jáde. Ẹ tú àwọn ìsopọ̀ wọ̀nyẹn kúrò, kí ẹ fọ̀ wọ́n lọ́tọ̀.

Ìyá_Láàbù kọ pé:

Ọ̀nà_Tóóró ti sọ òótọ́, mo kàn fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ọṣẹ àti álíkálì kún un, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń fi ọwọ́ ara wọn dí ṣíìpù wọn.

Bí ẹ bá fẹ́ lo SDS, ọṣẹ láàbù kan, ní ìwọ̀n 1%, ẹ rántí pé SDS àti potassium kì í gbé inú ilé kan náà. Bí wọ́n bá pàdé, wọ́n á di ohun funfun tí kì í yọ́ nínú omi. Púpọ̀ nínú àwọn bọ́fà PBS (bọ́fà oníyọ̀ phosphate) tí a ń lò ni potassium wà nínú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ kéré. Nítorí náà, omi mímọ́ gbọ́dọ̀ kọjá láàárín bọ́fà àti SDS, kí ó sì tún kọjá kí potassium hydroxide tàbí ohunkóhun tó ní potassium tó tẹ̀lé e. Bí yàrá yín bá tutù púpọ̀, SDS fúnra rẹ̀ lè di kírísítà nínú túúbù, ẹ jẹ́ kí ó lọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀. Ẹ tì í wọlé díẹ̀díẹ̀, kí ẹ dá pọ́ǹpù dúró fún bíi ìṣẹ́jú 10, kí ẹ sì tún tì í. Ìdúró yẹn ṣe pàtàkì gan-an fún ìdí tí a ti sọ lókè.

Lẹ́yìn ọṣẹ àti omi ni sodium hydroxide lè wọlé, láti 0.1 M títí dé 1 M (M ni iye móòlù nínú lítà kan), fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, láìsí ooru. Ó ń gé prótéènì sí wẹ́wẹ́, ó ń sọ ọ̀rá di ọṣẹ, ó sì ń tún ojú gíláàsì ṣe kí omi lè tẹ́ sórí rẹ̀ dáadáa. Ó ti pẹ́ tí àwọn tó ń fi iná mànàmáná ya èròjà sọ́tọ̀ nínú ihò gíláàsì ti ń fi í tún ògiri ihò wọn ṣe kí iṣẹ́ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé bí ó bá ṣe le tó àti bí ó bá ṣe pẹ́ tó ni ó ṣe dára tó. Álíkálì tó le, tó sì gbóná, a máa jẹ gíláàsì. Bí ẹ bá sì fi í sílẹ̀ nínú ihò mọ́jú, tí omi rẹ̀ gbẹ lẹ́nu ọ̀nà, carbonate yóò hù síbẹ̀, ẹ ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí ẹ ó fi yọ ìyẹn náà. Omi mímọ́ ni kí ẹ fi ṣan án títí pépà pH yóò fi fi hàn pé omi tó ń jáde kò yàtọ̀ sí èyí tó ń wọlé.

Isopropanol ni kí ó gbẹ̀yìn. Fífà tí ojú rẹ̀ ń fa ara pọ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ti omi, ìdí nìyẹn tí ó fi ń wọ gbogbo kọ̀rọ̀, tí ó sì ń gbẹ láìfi àpá sílẹ̀. Ẹ wá fi afẹ́fẹ́ tí a ti sẹ́ tàbí nitrogen fẹ́ ẹ jáde.

Ọ̀rọ̀ kan tí mi ò ní fi bò rárá: plasma ènìyàn ni ẹ ń lò. Omi ìfọ̀ àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ máa dà sínú ìgò tí blíìṣì wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ti blíìṣì gba inú ṣíìpù náà, ẹ po blíìṣì ilé tuntun ní ìdá kan sí omi ìdá 9, kí ó wọlé lẹ́yìn tí ọṣẹ bá ti kó prótéènì jáde, nítorí pé prótéènì púpọ̀ ń jẹ agbára blíìṣì kí ó tó kan kòkòrò, kí ẹ sì fún un ní ó kéré tán ìṣẹ́jú 10. Ẹ fi omi púpọ̀ ṣan án kí ásíìdì kankan tó tẹ̀lé e. Blíìṣì àti ásíìdì pọ̀, gáàsì chlorine ni wọ́n ń bí, èyí kì í sì í ṣe ohun tí a ń fi ṣeré. Blíìṣì àti ammonia pẹ̀lú kò gbọdọ̀ pàdé.

Aṣèwádìí_Ẹ̀jẹ̀ kọ pé:

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin méjèèjì. Mo gbé ọ̀kan nínú àwọn tó ti dí sábẹ́ máíkírósíkóòpù láàárọ̀ yìí. Ní ìpele àkọ́kọ́, mo rí òpó bíìdì tó tò gbọọrọ láti ẹnu ọ̀nà wọ inú díẹ̀, ó sì dúró gbọn-in níbi tí ọ̀nà ti pín sí méjì. Ẹ̀yìn òpó yẹn ni afẹ́fẹ́ kékeré kan há sí, ojú rẹ̀ dán, ó sì yípo, kò mira bí mo ṣe ń ti omi. Ẹnìkan níhìn-ín ní kí a po ásíìdì sulfuric mọ́ hydrogen peroxide, ìyẹn piranha, kí a sì tì í wọlé kí ó jẹ gbogbo rẹ̀ run. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹ rí sí i? Àwọn ìsopọ̀ tó wà lórí ṣíìpù wa, gọ́ọ̀mù epoxy ni a fi lẹ̀ wọ́n.

Ìyá_Láàbù kọ pé:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é.

Mo mọ̀ pé àwọn tó ń ṣe gíláàsì àti sílíkọ́nì ń lo piranha láti fọ àwo tó ṣí gbayawu kí wọ́n tó so ó pọ̀. Èyí tó wà nínú ihò tó ti dí yàtọ̀ pátápátá. Piranha gbóná fúnra rẹ̀ ní kété tí a bá pò ó, ó ń tú gáàsì jáde bí ó ti ń jẹ ohun tó wá láti ara ẹ̀dá, kò sì gbọdọ̀ wà nínú ohun tí a dé pa. Ọ̀nà-omi tí òpó bíìdì dí lẹ́nu, tí sírínjì sì dí lódì kejì, ohun tí a dé pa ni. Bí isopropanol tàbí ethanol bá ṣẹ́kù sínú rẹ̀, ó lè bú gbàmù. Gọ́ọ̀mù epoxy yín náà kò ní dúró, túúbù PEEK (irú ike líle kan) kò sì ní dúró níwájú ásíìdì sulfuric tó le. Kí ẹ tó mọ̀, ásíìdì á ti máa kán sórí máíkírósíkóòpù yín. Mo mọ àwọn tó ń fi ìṣọ́ra púpọ̀ lò ó, tí wọ́n ń ri gbogbo ṣíìpù tí kò ní ìsopọ̀ sínú rẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ olóró, pẹ̀lú aṣọ ìdáàbòbò tó yẹ; n kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n fún èyí tó dí, tó sì ní gọ́ọ̀mù lórí, idà olójú méjì ni.

Fún ìdí kan náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ásíìdì nitric tó le bá ethanol, isopropanol tàbí acetone pàdé nínú túúbù kan náà, tàbí nínú ìgò ìdọ̀tí kan náà.

Ọ̀nà_Tóóró kọ pé:

Ẹ kú iṣẹ́, ohun tí ẹ rí lábẹ́ máíkírósíkóòpù yẹn ti yanjú ìdajì ọ̀rọ̀. Ohun méjì ni ó dí i, wọn kì í sì í gbọ́ oògùn kan náà.

Ẹ kọ́kọ́ mú afẹ́fẹ́ kúrò. Ẹ yé ti omi láti ẹnu ọ̀nà tí bíìdì wà, nítorí pé bí ẹ bá ṣe ń tì í ni òpó náà ń há sí i. Láti òdìkejì ni kí ẹ ti máa tì í, láìfi agbára púpọ̀. Bí afẹ́fẹ́ náà kò bá jáde, ẹ ti omi láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì dì í mú bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀: ìtẹ̀mọ́lẹ̀ yẹn á sọ afẹ́fẹ́ náà di kékeré, á sì jẹ́ kí ó yọ́ sínú omi, pàápàá bí ẹ bá ti fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú omi náà tẹ́lẹ̀. Fún ṣíìpù tó ti gbẹ tí ẹ fẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í lò, ẹ kọ́kọ́ fẹ́ carbon dioxide kọjá nínú rẹ̀ kí omi tó wọlé. Gáàsì yìí ń yọ́ nínú omi ju afẹ́fẹ́ lásán lọ fíìfíì, nítorí náà èyí tó bá há sí kọ̀rọ̀ yóò pòórá fúnra rẹ̀.

Ní ti bíìdì, ẹ ti ọṣẹ wọlé láti ẹ̀yìn, ẹ jẹ́ kí ó dúró, kí ẹ sì gbé ṣíìpù náà sínú ẹ̀rọ ìwẹ̀ ultrasonic (tó ń fi ìró gbọn ìdọ̀tí kúrò) fún ìṣẹ́jú díẹ̀ nígbà tí ọṣẹ ṣì kún inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ máa ti ọṣẹ díẹ̀ àti afẹ́fẹ́ díẹ̀ tẹ̀lé ara wọn. Ojú ibi tí omi àti afẹ́fẹ́ ti pàdé a máa já bíìdì kúrò lára ògiri bí ó ti ń kọjá, omi nìkan kò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù: bíìdì tó ti kọ̀ jálẹ̀ níwájú omi a máa gun ojú afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀, á sì bá a lọ.

Ẹ má ṣe sáré lo toluene nítorí pé ẹ ti gbọ́ pé ó ń yọ́ polystyrene. Ọ̀pọ̀ bíìdì tí a ń rà ni wọ́n ti fi èròjà mìíràn so okùn inú wọn pọ̀ mọ́ra, irú ìyẹn kì í yọ́, ńṣe ni ó ń wú. Bíìdì tó wú nínú ihò tóóró, wàhálà ti di méjì.

Iná_àti_Gíláàsì kọ pé:

Ẹ jẹ́ kí èmi náà fi tèmi kún un, nítorí pé n kò rí ẹni tó dárúkọ iná. Gíláàsì ni ṣíìpù yín, kì í ṣe ike. Bí kò bá ní gọ́ọ̀mù, tí kò ní irin tín-ín-rín nínú, tí ẹ kò sì kun ohunkóhun sí ògiri rẹ̀, ẹ lè gbé e sínú ààrò oníná mànàmáná títí dé 450 °C, kí gbogbo ohun tó wá láti ara ẹ̀dá àti bíìdì polystyrene jóná di gáàsì. N kò mọ ohun tó ń mú ọkàn mi balẹ̀ lórí ìdọ̀tí prótéènì ju èyí lọ. Ẹ má kọjá ìwọ̀n yẹn, nítorí pé gíláàsì borosilicate ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ooru bá ti lé ní 500 °C, ọ̀nà-omi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìrísí padà.

Ohun mẹ́ta ni ó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Omi tó kù nínú ihò yóò hó di gáàsì, yóò sì fọ́ ṣíìpù náà láti inú wá, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ fi sílẹ̀ nínú ooru 100 sí 120 °C títí yóò fi gbẹ pátápátá. Ooru tó gòkè tàbí tó wálẹ̀ kíákíá yóò sán an. Ẹ jẹ́ kí ó máa gòkè ní ìwọ̀n 2 tàbí 3 °C láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ má sì ṣe ṣí ilẹ̀kùn ààrò títí yóò fi tutù. Iyọ̀ ni ẹ̀kẹta, kì í jóná. Bí ẹ bá gbé ṣíìpù tó kún fún bọ́fà tó ti gbẹ sínú iná, ńṣe ni ẹ ń fi iyọ̀ náà yan mọ́ gíláàsì. Omi mímọ́ gbọ́dọ̀ ti kó iyọ̀ jáde ṣáájú. Bí òkúta calcium bá ti dì sí ògiri, ásíìdì hydrochloric 0.1 M tàbí ásíìdì citric ni kí ẹ fi yọ ọ́.

Gọ́ọ̀mù epoxy tó wà lórí tiyín kò ní jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe. Bí ẹ bá tún fẹ́ ra òmíràn, ẹ bá ara yín wá èyí tí a ń fi férémù àti rọ́bà dè mọ́lẹ̀ dípò gọ́ọ̀mù. Gbogbo ọ̀nà ìfọ̀ tí a ń sọ níbí yóò ṣí sílẹ̀ fún yín.

Ẹ̀kán_Omi kọ pé:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láàyè láti béèrè tèmi. Ẹ̀kán omi inú òróró fluorinated ni mo ń ṣe, wọ́n sì ti fi silane kun inú ihò ṣíìpù náà kí omi má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Ṣé ìlànà yìí kan náà ni?

Ìyá_Láàbù kọ pé:

Rárá o. Sodium hydroxide yóò bó silane yẹn kúrò, blíìṣì tó pẹ́ nínú rẹ̀ kò dára fún un, iná ààrò yóò sì jó o. Ẹ fi òróró kan náà tí kò ní ọṣẹ nínú ṣan án, ẹ tẹ̀lé e pẹ̀lú isopropanol, ẹ fi omi mímọ́ tẹ̀lé ìyẹn, kí ẹ tún fi isopropanol parí rẹ̀, kí ẹ sì fẹ́ ẹ gbẹ. Bí ẹ̀kán omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ògiri, tí ó ń fa ìrù gígùn lẹ́yìn dípò kí ó yípo, ohun tí a kùn ti ń ṣí nìyẹn. Ìgbà náà ni ẹ wá lè fi álíkálì bó èyí tó kù kúrò, kí ẹ sì kun òmíràn láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí àwọn tí ṣíìpù wọn ní irin nínú náà ṣọ́ra: álíkálì a máa jẹ aluminium, hydrochloric a sì máa jẹ ITO, ìpele tín-ín-rín tó mọ́ gaara tí iná mànàmáná ń gbà kọjá.

Òṣùwọ̀n kọ pé:

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, ó dára, ṣùgbọ́n ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbójú fo ìbéèrè kẹta tí olùbéèrè béèrè: báwo ni a ṣe mọ̀ pé ó ti mọ́? Ojú nìkan kò tó. Prótéènì tó nípọn ní ìwọ̀n nanómítà díẹ̀ kò ṣeé rí lábẹ́ máíkírósíkóòpù lásán, síbẹ̀ ó tó láti ba èsì jẹ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ṣíìpù bá ti jẹ́ tuntun. Ẹ ti omi mímọ́ kọjá ní ìwọ̀n kan pàtó, kí ẹ sì kọ ìtẹ̀mọ́lẹ̀ tó gbà sílẹ̀. Nínú ọ̀nà tó jìn tó máíkírómítà 50, bí ìdọ̀tí bá jẹ máíkírómítà 5 péré nínú jíjìn yẹn, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ tí ẹ nílò yóò fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta gòkè, nítorí pé ìdènà ń pọ̀ sí i pẹ̀lú agbára ẹ̀ẹ̀mẹta jíjìn tó dín kù. Ìyípadà tí ojú lè fò, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ á sọ ọ́. Lẹ́yìn fífọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ tún un wọ̀n. Bí kò bá padà sí ti àkọ́kọ́, kò tíì mọ́.

Ìdánwò kejì ni pé kí ẹ ṣe iṣẹ́ yín látòkè délẹ̀ pẹ̀lú bọ́fà nìkan, láìsí plasma, nínú ṣíìpù tí ẹ fọ̀, kí ẹ sì wo ohun tí ẹ̀rọ yín yóò kà. Bí ó bá ka ohunkóhun tó ju ti ṣíìpù tuntun lọ, èyí tó kù láti àná ni ẹ ń kà. Ẹ lè kọ́kọ́ ti prótéènì tí a ti fi àwọ̀ tó ń tàn kùn wọlé, kí ẹ fọ̀ ọ́ ní ìlànà yín, kí ẹ wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ kù sí. Igun àti ẹnu ọ̀nà ni ó sábà máa ń jẹ́.

Èrò mi ni pé àwọn ibì kan wà tí àtúnlò kò ti yẹ rárá, bí ó ti wù kí a fọ̀ ọ́ tó. Bí èsì náà bá máa pinnu ìtọ́jú aláìsàn, ẹ lo tuntun fún ẹni kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ń wá DNA díẹ̀ tí ẹ ó fi PCR sọ di púpọ̀, ẹyọ kan tó kù láti ara ẹlòmíràn tó láti ṣì yín lọ́nà. Bí ẹ bá sì rí àwọn ìlà aláwọ̀-òṣùmàrè tó yípo níbi tí gíláàsì méjèèjì ti lẹ̀ pọ̀, tí wọn kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, gíláàsì náà ti ń ṣí. Ẹ má tún gbé e sórí pọ́ǹpù.

Ọ̀nà_Tóóró kọ pé:

Mo fara mọ́ Òṣùwọ̀n lórí ti aláìsàn àti ti DNA. Níbi tí a ti yàtọ̀ díẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo prótéènì tó kù ni ó ń ṣe ìpalára. Ẹni tó ń wo bí bíìdì ṣe ń pín sí ọ̀nà méjì kò ní ìṣòro kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń wọn ìwọ̀n prótéènì kan nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ yan ìpele ìmọ́tótó tí ìbéèrè yín nílò, kí ẹ sì pín àwọn ṣíìpù yín gẹ́gẹ́ bẹ́ẹ̀: èyí tó ti rí plasma, plasma nìkan ni kí ó máa rí.

Òṣùwọ̀n kọ pé:

Ìyẹn tọ̀nà, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá kọ ọ́ sára ṣíìpù náà. Nọ́ńbà kékeré kan tí a fi pẹ́ẹ̀nì olórí dáyámọ́ǹdì fín sí etí gíláàsì, jìnnà sí ọ̀nà-omi, á dúró nínú ásíìdì àti nínú iná. Tàdáwà kò ní dúró.

Aṣèwádìí_Ẹ̀jẹ̀ kọ pé:

Ẹ kú làálàá o, gbogbo yín. Ohun tí a ó ṣe ti yé wa báyìí: bọ́fà, omi, SDS pẹ̀lú ìdúró, omi, blíìṣì, omi púpọ̀, álíkálì, omi, isopropanol, afẹ́fẹ́ tí a sẹ́, a ó sì máa wọn ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ṣáájú àti lẹ́yìn. Òpó bíìdì yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú láti ẹ̀yìn pẹ̀lú ọṣẹ àti afẹ́fẹ́, ó ku díẹ̀ níbi tí ọ̀nà ti pín. Ìbéèrè kan ló kù: láàárín iṣẹ́ kan sí èkejì, ṣé kí omi wà nínú rẹ̀ ni àbí kí ó gbẹ?

Ọ̀nà_Tóóró kọ pé:

Bí ẹ ó bá lò ó lọ́jọ́ kan náà, ẹ jẹ́ kí omi mímọ́ kún inú rẹ̀, kí ẹ sì dé ẹnu rẹ̀ kí ó má baà gbẹ. Bí ó bá máa ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ pátápátá, nítorí pé omi tó dúró a máa bí bakitéríà, wọ́n á sì fi ara wọn tẹ́ ògiri inú rẹ̀. Ẹ fi í sínú àpótí tí eruku kò lè wọ̀, kí ẹ lẹ téèpù tí kì í fi gọ́ọ̀mù sílẹ̀ mọ́ ẹnu àwọn ihò rẹ̀. Ohun gbogbo tó bá tún máa wọ inú rẹ̀, títí kan omi tí ẹ fi ń ṣan án àti ọṣẹ, ẹ fi asẹ́ máíkírómítà 0.2 sẹ́ ẹ kí ó tó wọ sírínjì, kí ẹ sì da ẹ̀kán díẹ̀ àkọ́kọ́ tó bá jáde lára asẹ́ náà nù.